Ẹ̀yin ará Èkìtì tí òbí yín ṣiṣẹ́ rélùwéè láyé ọkọ̀ eléèédú, ẹ wá gbà mí nímọ̀ràn

OmoIkole
Ẹ̀yin ará ulé, ẹ kú àárọ̀ o. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Bàbá bàbá mi, ọmọ Ìkọ̀lé ni wọ́n, iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Fáyámàànù ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́, ìyẹn àwọn tó máa ń fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn náà ni wọ́n di dírẹ́bà. Wọ́n gbé Ọ̀fà, wọ́n gbé Zaria, wọ́n gbé Kafanchan kí wọ́n tó padà wálé. Wọ́n ti sùn, ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n àpótí onípáànù wọn ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá wọn, ìwé kún inú ẹ̀, fọ́tò wà níbẹ̀, fìlà yúnífọ́ọ̀mù wọn náà wà níbẹ̀, aáyán sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọ́n. Ẹbí fẹ́ pàdé ní Kérésìmesì, mo wá ní kí n kó ìtàn bàbá jọ sínú ìwé kékeré kan tí àwọn ọmọ á lè máa kà, torí àwọn ọmọ wa ò tiẹ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ kan wà rí tó jẹ́ omi tó ń hó ló ń gbé e rìn. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ibì kan wà téèyàn ti lè gbọ́ nípa àwọn ẹ́ńjìnnì yẹn, kó rí nǹkan wọn lójúkojú? Báwo ni mo ṣe fẹ́ tọ́jú àwọn ìwé yìí kí wọ́n má bàjẹ́ tán? Ẹni tó bá mọ ohunkóhun, bó ti wù kó kéré mọ, kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ síbí.

IyaIbejiAdo
Ọmọ mi, iṣẹ́ rere lo fẹ́ ṣe yìí, Ọlọ́run á tì ọ́ lẹ́yìn. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kó o gbé àpótí sílẹ̀ ná, àwọn tó ṣì wà láyé ni kó o kọ́kọ́ sáré bá. Ìwé lè dúró dè ọ́, àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún lè má lè dúró dè ọ́ di Kérésìmesì. Má sì wá àwọn ọkùnrin nìkan lọ o. Màmá mi ta obì láyé wọn. Adó ni wọ́n ti ń gbéra, lọ́rì á kó wọn lóru gba Ìyìn, Ìgèdè, Àrámọkọ, Ìtàwúrẹ́, wọ́n á já sí Iléṣà, wọ́n á tún wọ ọkọ̀ míì dé Òṣogbo, tẹ́ṣàn Òṣogbo ni wọ́n á tẹ́ ẹní sí tí wọ́n á sùn títí ọkọ̀ á fi dé láti Èkó. Kano ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ní tẹ́ọ́dì kíláàsì làwọn máa ń wọ̀, bẹ́ǹṣì onípákó, èèyàn á há mọ́ èèyàn, agbọ̀n obì á wà lábẹ́ ẹsẹ̀, ewé ni wọ́n fi ń wé obì yẹn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà kó má bàa gbẹ kó má sì jẹrà.

Gbogbo tẹ́ṣàn yẹn ni màmá mi mọ̀ sórí, wọ́n á máa kà á fún wa tá a bá jókòó lálẹ́, Ìkìrun, Òkukù, Ọ̀fà, Ìlọrin, Jẹ́bà, Mokwa, Zungeru, Minna, Kàdúná, Zaria, wọ́n á sì máa sọ ohun tí wọ́n ń gbé wá tà lójú fèrèsé níbi kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé àwọn ìyá oníṣòwò mọ rélùwéè ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Tó o bá dé ọ̀dọ̀ wọn, má sọ pé "ẹ sọ ìtàn rélùwéè fún mi", wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Bi wọ́n léèrè oúnjẹ. Bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń sùn, ẹrù tí wọ́n ń gbé, ẹni tí wọ́n bá pàdé nínú ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn á ti máa tú jáde fúnra ẹ̀.

OmoOke
Ẹ má bínú o, ìbéèrè tọkàntọkàn ni mo fẹ́ bi. Èkìtì ò ní ojú irin láyé òyìnbó, títí dòní kò sí tẹ́ṣàn rélùwéè kankan nílẹ̀ wa. Ṣé kì í ṣe àwọn ará Òṣogbo pẹ̀lú àwọn ará Ọ̀fà ló yẹ kí wọ́n máa kọ ìtàn yìí?

OlukoIfaki
Àbúrò, ìbéèrè tó dáa ni, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ẹ̀ dáadáa torí ó dùn mí lọ́kàn.

Òótọ́ ni, ojú irin ò gba ilẹ̀ wa kọjá. Ẹ rántí pé ọdún 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ogun Kírìjì, ṣùgbọ́n 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá kúrò ní Ìmẹ̀sí-Ilé àti Igbájọ. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ẹ̀, 1896, ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Oṣù kẹta ọdún 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó dé Jẹ́bà ní 1909. Odò Ọya ni wọ́n ń lé lọ, àti ẹ̀pà pẹ̀lú òwú ilẹ̀ Haúsá, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà náà fi dojú kọ òkè tí kò yà sọ́dọ̀ wa. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Jẹ́bà, afárá ò tíì sí níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé wágọ́nù sọdá odò, 1916 ni wọ́n tó parí afárá. Àwọn tó wà lókè náà ti ń la tiwọn láti Baro dé Kano, 1907 sí 1911, 1912 ni wọ́n wá pa méjèèjì pọ̀ di iléeṣẹ́ rélùwéè kan ṣoṣo.

Ní báyìí, wo tiwa. Kòkó Èkìtì tí lọ́rì bá gbé dé Òṣogbo, ta ló gbé e dé Èkó? Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wọlé sí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1962, kí ni wọ́n wọ̀ débẹ̀? Àwọn èèyàn wa tó kún Sabon Gari, ìyẹn àdúgbò àwọn àlejò, ní Kano àti Zaria, àwọn télọ̀, àwọn akọ̀wé, àwọn kápẹ́ńtà, kí ló gbé wọn lọ, kí ló ń gbé owó tí wọ́n fi kọ́lé sí Ìkéré àti Ọyẹ́ àti Òmùò bọ̀ wálé? Ojú irin ò gba ọ̀dọ̀ wa, àwa la lọ bá a. Tí àwọn tó lọ bá a yẹn ò bá sọ ọ́, tàbí tí àwọn ọmọ wọn ò bá sọ ọ́, kò sí ẹni tó máa bá wa sọ ọ́ ní Òṣogbo. Ohun tí wọ́n máa kọ ní Òṣogbo ni pé ọkọ̀ dúró, èrò bọ́ sílẹ̀. Ibi tí èrò yẹn ti wá ò sí nínú ìwé.

OmoIkole, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó o kọ orúkọ Ìkọ̀lé gàdàgbà síwájú ìwé náà.

OmoOke
Ẹ ṣé gan-an, bàbá olùkọ́, ó yé mi yékéyéké. Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan gbé Minna fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò tíì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n lọ ṣe níbẹ̀ rí. Màá pè wọ́n lónìí.

TisaIjero
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi wọ ọkọ̀ eléèédú yẹn dáadáa, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú mi rí. Láti Ìjerò, a máa ń gba Ìdó, Ọ̀tùn, Omù-Àrán, Àjàsẹ́, a á já sí Ọ̀fà, Ọ̀fà la ti ń wọ̀ ọ́ lọ sókè. Ká tó rí i la ti máa ń gbọ́ ọ, ilẹ̀ á kọ́kọ́ máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ni èéfín á yọ. Àwọn ìyá wa máa ń kìlọ̀ pé ká má wọ aṣọ funfun, torí tí èèyàn bá yọrí lójú fèrèsé, eérú èédú á dà sí i lára, á kó sí i lójú, ojú á sì máa ta á títí di Jẹ́bà. Síbẹ̀ gbogbo wa là ń yọrí! Ta ló fẹ́ jókòó sínú?

OmoIkole, jọ̀ọ́ ṣàlàyé bí ẹ́ńjìnnì yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ sínú ìwé ẹ, torí àìmọ̀ ọ́n ni kò jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ irú iṣẹ́ tí bàbá wọn ṣe. Àpótí iná wà lẹ́yìn, níbi tí dírẹ́bà pẹ̀lú fáyámàànù dúró sí. Àgbá omi ńlá ló wà níwájú àpótí yẹn, ọ̀pọ̀ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ló la inú omi náà kọjá, ooru iná á gba inú páìpù wọ̀nyẹn lọ síwájú, omi á sì máa hó. Ẹ wo bí ìkòkò tó ń hó ṣe máa ń gbé ọmọrí ẹ̀ sókè, agbára yẹn ni wọ́n há mọ́ inú irin tí wọ́n ò jẹ́ kó ráyè jáde àfi ibi tí wọ́n bá fẹ́. Ooru omi á gba páìpù wọ inú sìlíńdà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ níwájú, á ti písítìn lọ, á tì í bọ̀, irin gígùn kan ló so písítìn mọ́ àwọn ẹsẹ̀ ńlá, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ á ṣe máa yí. Ooru tó bá ti ṣiṣẹ́ tán á wá tú jáde láti ojú ihò èéfín lókè, ìyẹn lẹ ń gbọ́ tó ń dún fàkà fìkì, fàkà fìkì. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyí: bó ṣe ń tú jáde yẹn náà ló ń fa afẹ́fẹ́ gba inú iná kọjá, iná á túbọ̀ máa jó. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè tó ń ṣe wàhálà gan-an, ìgbà yẹn gan-an ni iná ẹ̀ ń le sí i. Àwọn tó ronú nǹkan yìí, wọ́n ní làákàyè.

Fáyámàànù kan tó jẹ́ ọmọ Ìjerò ló sọ fún mi pé dída èédú ò le tó omi ṣíṣọ́. Dígí kan wà lójú àgbá tí wọ́n fi ń wo bí omi ṣe pọ̀ tó. Tí omi bá lọ sílẹ̀ débi tí òrùlé àpótí iná wà ní gbígbẹ, irin yẹn á rọ̀, àgbá lè bẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa yè é nínú àwọn méjèèjì. Nítorí náà ojú wọn kì í kúrò lára dígí yẹn lọ́sàn-án lóru. Wọ́n á tún mọ bí wọ́n á ṣe fọ́n èédú ká kó má kó jọ sójú kan, apá òsì, apá ọ̀tún, ẹ̀yìn, iwájú, tí ọkọ̀ sì ń mi gbogbo ara wọn. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yẹn títí tó fi di dírẹ́bà, ẹ bọ̀wọ̀ fún un.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń fẹ́ràn láti wò. Ojú irin ẹyọ kan ṣoṣo ló wà, ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ló ń lò ó. Dírẹ́bà ò gbọ́dọ̀ kúrò ní tẹ́ṣàn àyàfi tí wọ́n bá fún un ní àṣẹ, àṣẹ yẹn wà nínú àpò tí wọ́n so mọ́ òrùka irin gbàǹgbà kan. Ọkọ̀ tí ò bá ní dúró á kàn rọra, fáyámàànù á na apá síta, á ju ti ẹ̀yìn sílẹ̀, á fi apá kọ́ ti iwájú. Ẹyọ kan ló wà níta fún ojú irin tó wà láàárín tẹ́ṣàn méjì, torí náà ọkọ̀ méjì ò lè pàdé níbẹ̀ láé. Bi àwọn bàbá léèrè òrùka yẹn, wàá rí i bí ojú wọn á ṣe tàn.

AbikeOtun
Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo yín. Láìbrérì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, torí náà ọ̀rọ̀ àpótí yẹn ló kàn mí. OmoIkole, ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àpótí yẹn kúrò nílẹ̀ lónìí, ẹ gbé e sórí tábìlì, ibi tí ikán ò ti lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ tí òjò ò sì lè jò sí. Ẹ má ṣe gbé ìwé kankan lọ ṣe lamínéṣọ̀n! Mo mọ̀ pé ohun tí gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ rò nìyẹn, ó ń pa ìwé àtijọ́ ni, ooru ẹ̀rọ yẹn á sè é, tó bá sì ti lẹ̀ mọ́ ọn kò sẹ́ni tó lè ṣí i mọ́. Ẹ má sì lo sẹ́lótéèpù, ẹ má lo pín-ìn-nì onírin torí á dípẹtà. Tí ìwé bá ti ká, ẹ má fi agbára nà án. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku kúrò, ẹ to ìkọ̀ọ̀kan sínú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù bébà, nylon ò dáa torí omi máa ń yọ nínú ẹ̀ lásìkò òjò.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn, ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú fóònù. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lówùúrọ̀, ẹ má tan fíláàṣì, ẹ ya iwájú ẹ ya ẹ̀yìn, torí ẹ̀yìn fọ́tò ni wọ́n máa ń kọ orúkọ sí. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹbí méjì tó gbé ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kó má bàa jẹ́ pé tí fóònù kan bá sọnù gbogbo ẹ̀ lọ nìyẹn. Tí ẹnikẹ́ni bá dá ẹnì kan mọ̀ nínú fọ́tò, pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ orúkọ náà sẹ́yìn, ẹ má lo báírò, ó máa ń yọ síwájú.

Fún àwọn tó fẹ́ lọ jìnnà sí i: National Archives wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ìwé ìjọba òyìnbó pọ̀ níbẹ̀, ti rélùwéè wà níbẹ̀, ti Ẹkùn Èkìtì láyé àwọn D.O., ìyẹn àwọn òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè, náà wà níbẹ̀. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ lọ, ẹ sọ ọdún tí ẹ ń wá fún wọn, ẹ má kàn sọ pé "ohun gbogbo nípa rélùwéè". Ẹ mú sùúrù pẹ̀lú wọn o, iṣẹ́ ọjọ́ kan kọ́.

AraEbuteMeta
Ọmọ Ìfàkì ni mí, Èkó ni mò ń gbé. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí nǹkan, kó wá sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, inú ọgbà rélùwéè. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Jaekel House, ilé alájà méjì ayé òyìnbó ni, 1898 ni wọ́n kọ́ ọ, orúkọ Francis Jaekel ni wọ́n sọ ọ́, ẹni tó ṣiṣẹ́ rélùwéè tó sì kọ ìtàn rélùwéè Nàìjíríà sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Legacy tó ń tọ́jú ilé àtijọ́ ló tún un ṣe pẹ̀lú iléeṣẹ́ rélùwéè, wọ́n kó fọ́tò àti irinṣẹ́ àtijọ́ síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó wá, inú ọgbà iṣẹ́ ni, èèyàn ò lè kàn wọlé ṣáá. Ẹ má ya fọ́tò ẹ́ńjìnnì tàbí ojú irin láìgba àṣẹ, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ gun ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kankan tẹ́ ẹ bá rí, irin tó ti jẹra máa ń gé èèyàn lẹ́sẹ̀.

Àwọn ọmọ tún lè wọ ti Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà 2021, kìlómítà 157 ni. Díísù ló ń gbé e, kò sí èéfín èédú, kò sì dún bíi tàtijọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á mọ bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń rí nínú. Ẹ ṣàlàyé fún wọn pé ojú irin tuntun yìí fẹ̀ ju ti bàbá wọn lọ. Ti àtijọ́, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti íńṣì mẹ́fà ló wà láàárín irin méjèèjì, mìlímítà 1067, tuntun jẹ́ 1435, torí náà ẹ́ńjìnnì bàbá ò lè rìn lórí tuntun yìí láéláé. Èmi gbà pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo tẹ́ṣàn Òṣogbo kí wọ́n tó wá sí Èkó. Ibẹ̀ ni ojú irin bàbá wọn gan-an wà, ó sì sún mọ́ ilé.

OmoIkole
Háà, ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo ti gbé àpótí kúrò nílẹ̀. Mo rí fọ́tò kan tí bàbá dúró síwájú ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ọkùnrin méjì, wọ́n dì mọ́ra wọn, nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá dírẹ́bà ṣùgbọ́n ó ti parẹ́ díẹ̀. Ẹsẹ̀ kékeré kan ló wà níwájú, ẹsẹ̀ ńlá mẹ́rin tẹ̀ lé e, kékeré kan tún wà lẹ́yìn. Ṣé a lè mọ irú èyí tó jẹ́?

AraEbuteMeta
A lè gbìyànjú. Ẹ̀gbẹ́ kan lò ń rí, nítorí náà ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: méjì níwájú, mẹ́jọ láàárín, méjì lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ làwọn tó mọ ọkọ̀ yìí ṣe ń kà á, 2-8-2. Lẹ́yìn ogun Hitler, láti 1948, rélùwéè wa bẹ̀rẹ̀ sí í gba irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní River class, orúkọ odò ni wọ́n ń sọ wọ́n, iléeṣẹ́ Vulcan Foundry ní ìlú òyìnbó wà lára àwọn tó rọ ọ́. Ó dára débi pé nígbà tí rélùwéè Ìlà-oòrùn Áfíríkà ń wá ẹ́ńjìnnì, tiwa ni wọ́n wò ṣe tiwọn. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń sọ èyí, torí a ti mọ́ra láti máa rò pé kìkì nǹkan tí wọ́n ti lò tì ni wọ́n ń gbé wá fún wa. Àwọn 2-8-2 míì wà lórí ojú irin wa o, torí náà wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bóyá orúkọ odò kan wà níbẹ̀. Wo bóyá páálí irin kékeré kan tún wà lára ẹ̀, orúkọ ẹni tó rọ ọ́ pẹ̀lú ọdún ló máa ń wà lórí ìyẹn. Ya fọ́tò náà nítòsí, fẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, nọ́ńbà tó ti parẹ́ máa ń yọ tó o bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ síbi ìmọ́lẹ̀.

OlukoIfaki
Nǹkan méjì ni mo fẹ́ fi kún un. Àkọ́kọ́, béèrè lọ́wọ́ ẹbí bóyá bàbá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní 1945. Oṣù kẹfà ọdún yẹn ni ìyanṣẹ́lódì ńlá bẹ̀rẹ̀, owó oúnjẹ ti gbówó lérí nítorí ogun, ìjọba ò fẹ́ fi owó kún owó oṣù, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà níwájú. Michael Imoudu ni olórí ẹgbẹ́ wọn, wọ́n ti mú un lọ sí àhámọ́ ní 1943, 1945 yẹn ni wọ́n dá a sílẹ̀ tó padà dé Èkó tí èrò lọ pàdé ẹ̀. Ọjọ́ 44 ni ìyanṣẹ́ náà fi wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé lebi pa nígbà yẹn, àwọn ìyàwó ló gbé ilé dúró. Tí ìyá bàbá ẹ bá ṣì wà láyé, tàbí àbúrò wọn, ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n jẹ nígbà yẹn.

Èkejì, èédú tí bàbá ń dà yẹn, Ẹnúgu ni wọ́n ti wà á. Ọdún 1916 ni ojú irin láti Port Harcourt dé Ẹnúgu, torí èédú yẹn gan-an ni wọ́n ṣe là á, 1932 sì ni afárá Makurdi ṣí lórí odò Bẹ́núè tí ìlà ìlà-oòrùn fi rọra dé òkè pẹ̀lú ti ìwọ̀-oòrùn. Ní 18 oṣù kọkànlá 1949, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley nítorí pé wọ́n ń béèrè owó wọn. Mo rò pé ó yẹ kí gbólóhùn kan wà fún wọn nínú ìwé ẹbí Ìkọ̀lé. Iná tí bàbá dá, àwọn ni wọ́n wa igi ẹ̀ jáde láti inú ilẹ̀.

TisaIjero
Bàbá olùkọ́, ẹ ṣeun tí ẹ rántí wọn. Kí n má gbàgbé o, kí OmoIkole béèrè Lálupọn. Ní 1957 ọ̀gbàrá òjò gbé ilẹ̀ abẹ́ ojú irin lọ lẹ́bàá ibẹ̀, ọkọ̀ já sínú ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló kú. Gbogbo òṣìṣẹ́ rélùwéè ìgbà yẹn ló mọ ibi tí wọ́n wà nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Ẹ rọra béèrè ṣá, àwọn mìíràn ò fẹ́ràn láti sọ ọ́.

AbikeOtun
Fún ohùn kíká: ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ èdè wọn, ẹni tó bá ń sọ Èkìtì kó máa sọ Èkìtì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yí i padà nítorí fóònù. Ẹ pa tẹlifísàn àti fáànù, ẹ gbé fóònù sórí aṣọ kan lórí tábìlì kó má máa gba ariwo igi. Ẹ kọ́kọ́ sọ orúkọ, ọjọ́ àti ìlú sínú ẹ̀. Tí wọ́n bá dákẹ́, ẹ má yára bi wọ́n ní ìbéèrè tó kàn, ẹ dákẹ́ pẹ̀lú wọn, ohun tó dáa jù ló máa ń tẹ̀ lé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Ẹ gbé fọ́tò tẹ́ ẹ rí yẹn lé wọn lọ́wọ́, àgbàlagbà tó bá di fọ́tò mú máa ń sọ̀rọ̀ ju ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè lọ.

OmoIkole
Mo ti gbọ́. Bàbá kan wà ní Ọyẹ́ tí bùrọ̀dá mi sọ pé wọ́n bá bàbá wa àgbà ṣiṣẹ́ ní Zaria, Sátidé ni mo ń lọ sọ́dọ̀ wọn, màá mú fọ́tò yẹn dání. Òkukù ni mo ti ní ẹni tó máa mú mi wọ inú tẹ́ṣàn. Ohun tó kù tí mi ò ní ni Kafanchan, torí jọ́ńṣọ̀n ńlá ni, ìyẹn ibi tí ojú irin ti pàdé, bàbá sì pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹnì kankan ní Èkìtì tó gbé ibẹ̀ nígbà yẹn. Ẹni tó bá mọ ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí sí kọ́tà rélùwéè níbẹ̀, kó jọ̀ọ́ fèsì.

IyaIbejiAdo
Ìyàwó àbúrò màmá mi, Kafanchan ni wọ́n bí i sí, bàbá ẹ̀ ni sitéṣọ̀n másítà níbẹ̀ nígbà kan. Ìkéré ló ń gbé báyìí. Màá bá a sọ̀rọ̀ kí n tó fi nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, lówùúrọ̀ ni kó o lọ o, kó tó di aago mẹ́wàá, ọ̀sán ló máa ń sùn. Gbé àkàrà dání, ó fẹ́ràn ẹ̀.